Eré Ọwọ́dilẹ̀ Akẹ́kọ̀ọ́ Kan ní Helsinki

Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá lọ́sẹ̀ yìí kan tọ̀tún-tòsì yín. Kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí ilé tí ọ̀dọ́ wà lóde òní tí irú ẹjọ́ báyìí kò tí ì wáyé níbẹ̀: ọmọ jókòó ti kọ̀ǹpútà láti ìgbà tí wọ́n ti jẹun alẹ́ tán, ó ń tẹ̀ ẹ́ pàpàpà, aago 12 òru lù, kò dìde. Ìyá rẹ̀ wá yọjú sí i.

"Kí lò ń ṣe níbẹ̀ yẹn láti ìrọ̀lẹ́?"

"Nǹkan kékeré kan ni mò ń gbìyànjú wò, mà."

"Ṣé olùkọ́ yín ló ní kí o ṣe é?"

"Rárá, mà."

"Ṣé ẹnì kan fẹ́ san owó rẹ̀ fún ọ ni?"

"Rárá, mà. Mo kàn fẹ́ràn rẹ̀ ni."

Ó parí! Kí ni ìyá tí yóò jí ní aago 5 òwúrọ̀ láti lọ pàtẹ yóò fi irú ìdáhùn bẹ́ẹ̀ ṣe?

N kò dá ìyá náà lẹ́bi. Epo tí a ń rọ sínú jẹnẹrétọ̀ kì í ṣe omi odò, owó dátà kì í sì í já bọ́ láti ọ̀run. Yàtọ̀ sí èyí, ẹ̀rù kan wà tí àwọn òbí kì í fẹ́ fi ẹnu ara wọn sọ: wọ́n ń bẹ̀rù kí ọmọ má lọ darapọ̀ mọ́ àwọn tí ń fi kọ̀ǹpútà lu jìbìtì, àwọn tí à ń pè ní ọmọ Yahoo. Ẹ̀rù náà kì í ṣe ẹ̀rù òmùgọ̀. Àmọ́ ó ti sọ wá di ẹni tí ń wo gbogbo ọmọ tí ó bá dá jókòó ti ẹ̀rọ lóru bí ẹni ń wo olè. Ẹ rántí ọdún 2020, nígbà tí àwọn ọ̀dọ́ tú síta nítorí ọ̀rọ̀ SARS. Ọ̀kan nínú ẹ̀sùn tí wọ́n fi kan àwọn ọlọ́pàá náà ni pé wọ́n ń mú ọmọ ọlọ́mọ nítorí pé ó gbé kọ̀ǹpútà dání.

Nítorí náà, kí a tó dá ẹjọ́ ọmọ yìí, ẹ jẹ́ kí n pa ìtàn akẹ́kọ̀ọ́ kan fún yín, ọmọ orílẹ̀-èdè Finland, tí òun náà ń ṣe "nǹkan kékeré kan" lóru. Ẹ fi ọwọ́ kan àpò yín ná. Bí fóònù tí ó wà níbẹ̀ bá jẹ́ Android, iṣẹ́ ọwọ́ akẹ́kọ̀ọ́ náà wà nínú rẹ̀. Ẹ̀rọ POS tuntun tí ojú rẹ̀ dà bí ti fóònù, èyí tí wọ́n fi ń san owó fún yín lẹ́bàá ọ̀nà, Android ló wà nínú púpọ̀ nínú wọn, iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ sì wà níbẹ̀ pẹ̀lú.

Irú iṣẹ́ wo ni? Inú kọ̀ǹpútà dà bí ọjà. Ètò tí ń ya àwòrán, ètò tí ń gbé ìpè, ètò tí ń ṣírò owó, gbogbo wọn ló ń fẹ́ ìsọ̀, gbogbo wọn ló sì ń fẹ́ kí a kọ́kọ́ dá àwọn lóhùn. Bí kò bá sí ìyálọ́jà tí ń pín àyè, tí ń sọ fún eléyìí pé kó sún sẹ́yìn, tí ń sọ fún tọ̀hún pé ó ti kàn án, ọjà náà yóò dàrú kí oòrùn tó kàn àtàrí. Ètò tí ń ṣe ìyálọ́jà nínú kọ̀ǹpútà ni akẹ́kọ̀ọ́ yìí jókòó kọ. Oníbàárà kì í rí i sójú, ṣùgbọ́n kò sí ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ nínú ẹ̀rọ náà tí kò ní gba ọwọ́ rẹ̀ kọjá.

Linus Torvalds ni orúkọ rẹ̀. Wọ́n bí i ní Helsinki, olú-ìlú Finland, ní ọjọ́ 28 oṣù Kejìlá ọdún 1969. Oníṣẹ́ ìròyìn ni bàbá àti ìyá rẹ̀. Ilẹ̀ òtútù ni ibẹ̀; bí ìgbà òtútù bá dé, òòrùn kì í pẹ́ lójú ọ̀run kí ó tó wọ̀, inú ilé sì ni èèyàn ń bá ara rẹ̀. Baba tí ó bí ìyá rẹ̀, Leo Törnqvist, jẹ́ ọ̀jọ̀gbọ́n nínú ìmọ̀ ìṣirò sítátísíìkì ní Yunifásítì Helsinki. Ní nǹkan bí ọdún 1981, bàbá àgbà yìí ra kọ̀ǹpútà kékeré kan tí wọ́n ń pè ní Commodore VIC-20. Òun fúnra rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ fẹ́ràn kí ó máa tẹ bọ́tìnnì kiri, nítorí náà inú ìwé ni ó ń kọ àwọn àṣẹ rẹ̀ sí, á wá gbé ọmọ-ọmọ rẹ̀ lé ẹsẹ̀, ọmọ á máa bá a tẹ̀ ẹ́ sínú ẹ̀rọ. Ọmọ náà jẹ́ bí ọdún 11 nígbà náà.

Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ lórí bàbá àgbà yìí. Ohun olówó iyebíye ni kọ̀ǹpútà láyé ìgbà yẹn. Ẹlòmíràn ì bá fi aṣọ bò ó, kí ó gbé e sórí àjà, kí ó máa sọ pé, "Ọmọdé, má fọwọ́ kàn án o!" Bàbá yìí fi ọmọ ṣe akọ̀wé rẹ̀ ni. Láìpẹ́, ọmọ ń ka ìwé atọ́nà ẹ̀rọ náà fúnra rẹ̀, ó sì ń kọ àwọn eré kéékèèké tirẹ̀. Nígbà tí ó dàgbà díẹ̀ sí i, ó tu owó jọ, ó ra ẹ̀rọ mìíràn, Sinclair QL. Ní Finland kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí ètò tí èèyàn lè rà lọ́jà fún irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀, ìyẹn sì fi tipá sọ ọ́ di ẹni tí ń kọ ohun tí ó bá nílò fúnra rẹ̀. Ọ̀wọ́n ọjà di olùkọ́ fún un.

Ó wọ Yunifásítì Helsinki ní ọdún 1988, ó sì lọ ṣe iṣẹ́ ológun tí òfin ilẹ̀ wọn kàn nípá fún àwọn ọ̀dọ́kùnrin, oṣù 11 gbáko. Nígbà tí ó padà dé, ó ka ìwé ńlá kan tí ọ̀jọ̀gbọ́n Andrew Tanenbaum kọ. Ìlú Amsterdam ni Tanenbaum ti ń ṣe olùkọ́, ó sì ti kọ ètò ìdarí kékeré kan tí ń jẹ́ MINIX kí àwọn ọmọ ilé-ìwé lè fi rí bí inú irú ètò bẹ́ẹ̀ ṣe rí. Ìwé yìí wọ Torvalds lára. Ní oṣù Kìíní ọdún 1991, ó lọ ra kọ̀ǹpútà tí ọpọlọ rẹ̀ ń jẹ́ 386. Owó ọwọ́ rẹ̀ kò tó. Ó kó owó Kérésìmesì rẹ̀ àti owó tí akẹ́kọ̀ọ́ ń yá pọ̀, ó san díẹ̀, ìyókù di ohun tí yóò máa san díẹ̀díẹ̀ fún ọdún 3. Ẹ̀yin tí àwọn bàbá yín ra aṣọ lọ́wọ́ òṣómàáló láyé àtijọ́, irú òwò bẹ́ẹ̀ kò ṣàjèjì sí yín. Àyè ìrántí ẹ̀rọ náà kò ju mẹ́gábáìtì 4 lọ. Fóònù olówó pọ́ọ́kú tí ẹ ń rà lónìí ní ìlọ́po 500 rẹ̀ tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Mo fẹ́ kí ẹ̀yin olùkọ́ ṣàkíyèsí ohun kan níhìn-ín, nítorí àwọn tí ń sọ ìtàn yìí máa ń fò ó. Yunifásítì wọn kì í gba owó ilé-ìwé lọ́wọ́ ọmọ ilẹ̀ náà. Ọmọ yìí ń gbé nílé ìyá rẹ̀, ó ń jẹ oúnjẹ ìyá rẹ̀, iná kì í kú. Ọpọlọ pé lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọpọlọ nìkan kọ́ ló kọ ètò náà. Ọ̀pọ̀ ọmọ tí orí wọn pé bẹ́ẹ̀ ni ó wà ní àwọn ìlú wa níhìn-ín tí wọ́n ń lo òru fún wíwá ibi tí wọn yóò ti fi iná sí bátìrì.

Ohun tí ó ń wá níbẹ̀rẹ̀ kéré. Ó fẹ́ kí òun lè wà nínú yàrá òun kí òun fi wáyà fóònù pe kọ̀ǹpútà yunifásítì, kí òun máa ka ìròyìn àti lẹ́tà òun. Ètò tí ó wà nínú MINIX fún irú iṣẹ́ yìí kò tẹ́ ẹ lọ́rùn, ó bá bẹ̀rẹ̀ sí í kọ tirẹ̀. Àkọ́kọ́ tí ó rí ṣe ni pé iṣẹ́ méjì ń lọ lẹ́ẹ̀kan náà nínú ẹ̀rọ: ọ̀kan ń kọ lẹ́tà A sójú ẹ̀rọ, èkejì ń kọ lẹ́tà B, wọ́n ń gba ara wọn láyè bí àwọn ọmọ tí ń gún odó kan náà. Bí ẹ bá fi han ará ilé, yóò ní, "Ṣé ohun tí o kò sùn fún nìyẹn?" Ṣùgbọ́n ìyálọ́jà ti bẹ̀rẹ̀ sí í pín ìsọ̀ nìyẹn. Lẹ́yìn náà ó fẹ́ fi ohun tí ó bá kà pamọ́, ó di dandan kí ó kọ́ ètò rẹ̀ bí a ṣe ń kọ nǹkan sínú àpótí ìpamọ́ ẹ̀rọ. Báyìí ni ọ̀kan ń fa èkejì.

Ní ọjọ́ kan ó fẹ́ kí ẹ̀rọ tẹ nọ́ńbà fóònù yunifásítì, ó sì ṣèèṣì darí àṣẹ náà sí àpótí ìpamọ́ dípò wáyà fóònù. Ló bá ba ibi tí MINIX wà nínú ẹ̀rọ jẹ́! Ẹlòmíràn ì bá tún MINIX kó sí i kí ó máa bá tirẹ̀ lọ. Torvalds rò ó wò pé ètò òun ti fẹ́ẹ̀ tó dá dúró, ó sì pinnu pé òun kò ní padà sẹ́yìn mọ́.

Ní ọjọ́ 25 oṣù Kẹjọ ọdún 1991, ó kọ lẹ́tà kúkúrú sí àwọn tí ń lo MINIX káàkiri ayé, ó gbà á ojú wáyà kọ̀ǹpútà. Ó ní òun ń ṣe ètò ìdarí kan, pé eré ọwọ́dilẹ̀ lásán ni, kò ní di ohun ńlá, ó sì bi wọ́n ní ohun tí wọ́n fẹ́ àti ohun tí wọn kò fẹ́ nínú MINIX. Lójú tèmi, lẹ́tà yìí ṣe pàtàkì ju ètò náà fúnra rẹ̀ lọ. Ọ̀pọ̀ ọmọ tí ó mọ nǹkan án ṣe ni kì í fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rí i títí yóò fi pé, bẹ́ẹ̀ ni kì í pé láéláé. Eléyìí gbé aṣọ tí kò tí ì rán tán síta, ó ní kí àwọn alábàápàdé sọ ibi tí ó fún. Ní ọjọ́ 17 oṣù Kẹsàn-án, ó gbé ẹ̀dà kìíní jáde, nǹkan bí 10,000 ìlà àṣẹ. Freax ni ó fẹ́ sọ ọ́. Ari Lemmke tí ó bá a wá àyè sí i lórí kọ̀ǹpútà ńlá kan ní Finland ni kò fẹ́ràn orúkọ yẹn, tí ó sọ ibẹ̀ ní Linux. Orúkọ tí alágbàtọ́ sọ ọmọ ni ó mọ́ ọn lórí.

Owó wá ńkọ́? Ó ní kí ẹnikẹ́ni má san kọ́bọ̀. Bí ẹ bá fẹ́ dúpẹ́, ẹ fi káàdì alámọ̀ràn ìlú yín ránṣẹ́ sí mi, káàdì tí ó ní àwòrán. Káàdì bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé láti ilẹ̀ òkèèrè lóríṣiríṣi, ẹnu sì ya àbúrò rẹ̀ obìnrin pé ẹ̀gbọ́n òun tí kì í jáde nílé ní ọ̀rẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Ní ọdún 1992, ó fi ètò náà sábẹ́ ìwé àdéhùn tí ará Amẹ́ríkà kan, Richard Stallman, ti kọ ṣáájú. Ohun tí àdéhùn náà wí ni pé ẹnikẹ́ni lè gba ètò yìí, kí ó yẹ inú rẹ̀ wò, kí ó tún un ṣe, kódà kí ó tà á. Ṣùgbọ́n bí ó bá fún ẹlòmíràn ní èyí tí ó tún ṣe, ó gbọ́dọ̀ ṣí gbogbo ìlà inú rẹ̀ sílẹ̀ fún onítọ̀hún, kí òun náà lè ṣe bẹ́ẹ̀. Kò sí ẹni tí yóò gbà á lọ́fẹ̀ẹ́ kí ó wá ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn.

Mo mọ̀ pé àwọn oníṣòwò inú yín ti ń rẹ́rìn-ín. Alákàrà wo ló ń pe oníbàárà wá sí ìdí agbada kí ó wá kọ́ bí a ti ń po ẹ̀wà? Ọ̀rọ̀ yín tọ̀nà bí ó bá jẹ́ àkàrà. Àkàrà, bí mo bá jẹ ẹ́, ó tán, ẹ kò rí i jẹ mọ́. Ìlà àṣẹ kì í tán bí ẹgbẹ̀rún èèyàn bá mú un. Ojú méjì péré ni Torvalds ní, kọ̀ǹpútà ẹyọ kan sì ni. Àwọn tí wọ́n gba ètò náà ní irú ẹ̀rọ tí kò rí rí; bí ó bá kọ̀ láti ṣiṣẹ́ lọ́dọ̀ wọn, wọ́n ń wá ìdí rẹ̀, wọ́n ń tún un ṣe, wọ́n ń fi àtúnṣe náà ránṣẹ́ sí i. Ọ̀wẹ̀ ni, bí a ṣe ń bẹ ọ̀wẹ̀ láti kọ́lé tàbí láti kọ ebè láyé àwọn bàbá wa, àfi pé Torvalds kò gún iyán fún ẹnikẹ́ni. Òun sì ni olóko: àtúnṣe tí kò bá dára, ó ń dá a padà, kò wo ojú ẹni tí ó ṣe é.

Gbèsè kọ̀ǹpútà rẹ̀ ńkọ́? Àwọn tí ń lo Linux ló dá owó jọ láàárín ara wọn, wọ́n fi ránṣẹ́ sí i, ó sì fi san ìyókù owó ẹ̀rọ náà. Ẹni tí kò béèrè kọ́bọ̀, àwọn tí kò mọ̀ rí ló bá a san gbèsè.

Kò wá sí ìjà bí? Ìjà wà. Ní ìparí oṣù Kìíní ọdún 1992, Tanenbaum, olùkọ́ tí ìwé rẹ̀ ló tan iná náà, kọ̀wé ní gbangba pé bí wọ́n ṣe to inú Linux ti di ti ayé àtijọ́, pé bí ọmọ náà bá jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ òun ni, kò ní gba máàkì gidi. Ọmọ náà fèsì, ẹnu rẹ̀ kò sì rọ̀. Mo ti rí àwọn tí ń fi ìtàn yìí bú olùkọ́, n kò sí lára wọn. Ohun tí ìwé ìmọ̀ ìgbà náà kọ́ni ni Tanenbaum ń sọ, ó sì ní ẹ̀rí. Bí ó bá ti fi ìwé rẹ̀ àti MINIX pamọ́ sínú dúrọ́ọ̀, Linux kì bá tí wáyé. Ohun tí ó ṣì wò ni pé ètò tí ó ń ṣiṣẹ́ lónìí, tí ọgọ́rùn-ún èèyàn ń tún ṣe lálaalẹ́, lè kọjá èyí tí ó dára jù lórí pátákó.

Ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹta ọdún 1994 ni ẹ̀dà tí wọ́n pè ní 1.0 jáde, ìlà 176,250. Lónìí ó ti ju mílíọ̀nù 30 lọ. Láti oṣù Kọkànlá ọdún 2017, gbogbo 500 kọ̀ǹpútà tí ó lágbára jù láyé ni ó ń lò ó. Ọkọ̀ òfuurufú kékeré tí Amẹ́ríkà fò lórí pílánẹ́ẹ̀tì Mars ní ọdún 2021, Linux ló ń darí rẹ̀. Ní ti owó, IBM san bílíọ̀nù 34 dọ́là ní ọdún 2019 láti ra Red Hat, ilé-iṣẹ́ tí òwò rẹ̀ ni pé kí ó máa bá àwọn oníbàárà tọ́jú Linux. Torvalds fúnra rẹ̀ kò jẹ nínú ìyẹn tó bí ẹ ti rò, ṣùgbọ́n ebi kò pa á: Red Hat ti fún un ní ìpín nínú ilé-iṣẹ́ wọn ṣáájú ọdún 1999 tí wọ́n gbé e lọ sí ọjà ìpín-ìdókòwò.

Ẹ má rò pé gbogbo rẹ̀ ló dùn. Ọdún 8 ló lò kí ó tó gba oyè másítà ní 1996. Òbí mélòó nínú wa ni yóò fara da ìyẹn? Ahọ́n rẹ̀ sì mú. Ọ̀pọ̀ ọdún ló fi ń fi ọ̀rọ̀ gún àwọn tí ń bá a ṣiṣẹ́ lójú gbogbo ayé, títí di oṣù Kẹsàn-án 2018 tí ó tọrọ àforíjì tí ó sì yẹra fún iṣẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Ní ti ìyàwó, ẹ̀yin ìyá, ẹ fọkàn balẹ̀. Ní ọdún 1993 ó ń ṣe olùkọ́ kékeré ní yunifásítì, ó ní kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fi lẹ́tà orí kọ̀ǹpútà ránṣẹ́ sí òun gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ àṣetiléwá. Ọmọbìnrin kan, Tove, tí ó ti gba ipò kìíní nínú ìjà kàráté ní Finland lẹ́ẹ̀mẹ́fà, kọ lẹ́tà tirẹ̀ pé kí olùkọ́ jẹ́ kí àwọn jọ jáde. Wọ́n ṣe ìgbéyàwó, wọ́n sì bí ọmọbìnrin 3.

Ẹ jẹ́ kí a padà sọ́dọ̀ ọmọ tiwa. N kò sọ fún ẹnikẹ́ni pé Torvalds ni ọmọ rẹ̀. Àwọn tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ tí a kò gbọ́ orúkọ wọn pọ̀ ju àwọn tí a gbọ́ lọ. Ṣùgbọ́n "Ṣé wọ́n máa sanwó fún ọ?" kì í ṣe ìbéèrè tí ó ń fi òtítọ́ hàn, nítorí bí ẹ bá bi ọmọ Yahoo bẹ́ẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ni yóò wí. Èyí tí mo rò pé ó dára ni pé, "Wá, fi hàn mí." Ẹni tí ń kọ ètò kò ní pẹ́ tí yóò fi yí ojú ẹ̀rọ sí yín, yóò máa ṣàlàyé títí oorun yóò fi gbé yín lọ. Ẹ bi í pé ta ni ó tún ti fi hàn, kí ni ẹni náà wí. Bí kò bá tí ì fi han ẹnikẹ́ni, ẹ̀yin olùkọ́, iṣẹ́ yín ti dé: kí ẹ wá ọmọ méjì mẹ́ta tí ń ṣe irú rẹ̀ ní kíláàsì mìíràn, kí ẹ jẹ́ kí wọ́n jókòó pọ̀ lẹ́yìn ilé-ìwé, níbi tí iná bá wà. Bí owó epo kò bá sì sí lóòótọ́, ẹ sọ fún un bẹ́ẹ̀, kí ẹ jọ fi wákàtí sí i. Kí ẹ má sọ pé eré ni, nígbà tí ó jẹ́ pé owó ni kò sí.

Torvalds ń gbé ní ìpínlẹ̀ Oregon ní Amẹ́ríkà báyìí. Kò kọ ìlà àṣẹ púpọ̀ mọ́. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kí ó máa ka èyí tí àwọn ẹlòmíràn fi ránṣẹ́, kí ó gba èyí tí ó dára wọlé. Ọjọ́ Àìkú ni ó sábà máa ń gbé ẹ̀dà tuntun síta kí àwọn ènìyàn lè dán an wò, pẹ̀lú lẹ́tà kúkúrú, gẹ́gẹ́ bí ti ọdún 1991.